Ọ́ìlì sìntẹ́tíìkì nínú ọkọ̀ olótọ́bò: ohun tójú mi rí n'Íbàdàn, ẹ sọ tiyín náà

Ará Bódìjà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe pa tọ́bò kan, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i, kí owó tiyín má baà bá tèmi lọ.

Golf 5 GTI ni mo ń wà, ti ọdún 2007, tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì, tọ́bò kan, agbára ẹṣin 200. Látọjọ́ tí mo ti rà á, bàbá mẹkáníìkì wa ní Challenge ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀, ọ́ìlì lásán tó ki, 20W-50, ni wọ́n sì máa ń rọ sí i. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan. Mo ní, "Bàbá, 5W-40 ni wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ yìí o." Wọ́n ní, "Yìnyín ni òyìnbó tó kọ ọ́ ń rò. Oòrùn tiwa ńkọ́? Ọ́ìlì tó bá ti ṣàn bí omi, kò ní pẹ́ jóná. Èyí tó ki ni kóo jẹ́ ká máa lò." Wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí mi, mo bá dákẹ́.

Ariwo àárọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ṣáná sí mọ́tò, màá gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ lókè ẹ́ńjìnnì, ó di ìgbà tí mo bá ka ení dé àrún kó tó dákẹ́. Mo fọkàn sí i pé ogbó ni. Ní Sátidé kan, mo ń bọ̀ láti Èkó, ojú ọ̀nà mọ́, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo kọjá Tollgate, mo dé Challenge, mo yà síbi alámàlà, mo pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀, mo wọlé jẹun. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí mo jáde tí mo ṣáná, tọ́bò ti ń fọn bíi fèrè, kí n sì tó dé Ring Road, èéfín búlúù ti bo ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Ìgbà tí wọ́n tú u ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé ọ́ìlì lọ bá tọ́bò. Mo gbé e sókè, mo yọjú wo inú ẹ̀, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ lápá kejì. Mo fi wáyà gún un. Ohun tó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ kì í ṣe ọ́ìlì mọ́, èédú ni, ó le bí ìdí ìkòkò tí àmàlà jó mọ́.

Ọ̀pá inú tọ́bò kì í jókòó lórí irin. Orí ọ́ìlì ló ń léfòó, ó sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, ooru èéfín ọ̀hún sì lè kọjá 800°C. Bí ẹ bá sáré dé tí ẹ pa mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, ọ́ìlì dúró, ooru ò dúró. Èyí tó kù síbẹ̀ á wá máa yan. Ọ́ìlì lásán, tí wọ́n sẹ́ látinú epo rọ̀bì, ńlá àti kékeré ló pọ̀ mọ́ra nínú ẹ̀: àwọn tó fúyẹ́ á gbẹ lọ, ìyókù á di èédú. Sìntẹ́tíìkì tí wọ́n to pọ̀ nílé kẹ́míkà, ohun tó wà nínú ẹ̀ bára dọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi ń fara da iná pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ nípa oòrùn yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò dáadáa, torí bí gbogbo Ìbàdàn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Nọ́ḿbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù, èyí tó tẹ̀lé e ń sọ bó ṣe ki tó ní 100°C. Òótọ́ ni pé yìnyín kì í bọ́ ní Bódìjà láàárọ̀, àmọ́ àárọ̀ wa ò sún mọ́ 100°C rárá. Lójú ẹ́ńjìnnì, 25°C òtútù ṣì ni. Nígbà tí ọ́ìlì kíki bá ṣì ń ra pálá gòkè, irin ń ha irin lókè lọ́hùn-ún. Kẹ́kẹ́kẹ́ tí mò ń gbọ́ nìyẹn. Tó bá sì gbóná tán, 40 kì í ṣe omi. Òun gan-an ni àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ṣírò fún.

Mo ra tọ́bò míràn ní Àrárọ̀mí, ní Gate, mo ra páìpù ọ́ìlì tuntun mọ́ ọn. Lítà 4.6 ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà, mo bá ra kẹ́ẹ̀gì sìntẹ́tíìkì lítà 5, lẹ́yìn tí mo ti yí i wò tí mo rí VW 502 00 lẹ́yìn ẹ̀, nọ́ḿbà tí Volkswagen tó ṣe mọ́tò yìí fi ń fọwọ́ sí ọ́ìlì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú mọ́tò yìí, nọ́ḿbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa wá o, ẹ fi àwòrán mọ́tò eré tó wà níwájú kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Mo lò ó fún kìlómítà 2,000 péré, mo tún tú u dànù pẹ̀lú fílítà, torí ìdọ̀tí àtijọ́ ló ń fọ̀ kúrò. Ó dùn mí bí mo ṣe ń wò ó tó ń dà dúdú sínú ọpọ́n.

Ọjọ́ yẹn náà la yọ cam follower wò. Ife irin kékeré kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí àtàǹpàkò lọ, abẹ́ pọ́ǹpù epo ló wà. Dúdú ló máa ń jẹ́ tó bá wà ní tuntun. Tèmi ti họ láàárín, ó ń dán bíi dígí, ó ku díẹ̀ kó lu. Tó bá lu pẹ́nrẹ́n, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í gún kámúṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí lókè ẹ́ńjìnnì tó ń ti pọ́ǹpù náà, owó ńlá nìyẹn. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 10,000 mo tún yọ ọ́ wò, dúdú ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀.

Mọ́tò ò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn ta á fún yín. Ariwo àárọ̀ ló yí padà: kí n tó ka èjì, ó ti dákẹ́. Tí mo bá sì ti ọ̀nà jíjìn dé, mo máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí n tó pa á.

Ní oṣù kejì, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé sìntẹ́tíìkì máa ń fa jíjò. A ṣí i: gáskẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti gan bíi bisikíìtì, ẹrẹ̀ ọ́ìlì àtijọ́ ló ń bá a di ojú ihò. A fi tuntun sí i, kò jò mọ́.

Àǹtí Àkóbọ̀:

Bọ̀ọ̀dá Bódìjà, ẹ kú ìnáwó o. Ayédèrú ló bá tèmi jà. BMW 335i ni mò ń wà, tọ́bò méjì, ó ń gba lítà 6.5, BMW Longlife-01, ìyẹn ti BMW tó dà bíi VW 502 00 tiyín, ni mo sì máa ń wá lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì. Lọ́dún tó kọjá mo rí ọ̀kan tí owó ẹ̀ wálẹ̀, mo rà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkàn mi ò balẹ̀ sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Mọ́tò yìí ò ní gèéjì ọ́ìlì, kọ̀ǹpútà ló ń wọ̀n ọ́n, mo bá ṣí ìdérí, mo fi ìka méjì pa ti ara ẹ̀. Ó ṣàn lọ bíi kẹrosíìnì. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Kẹ́ẹ̀gì ọ̀hún, ojúlówó ni! Ìdérí ló tú àṣírí: òrùka ẹ̀ ti já rí, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà.

Látìgbà yẹn, bá a bá ṣe rọ ọ́ìlì tán, mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ sílé, mo ń fi ọ̀bẹ gé e sí méjì. Àwọn ọmọṣẹ́ ò fẹ́ràn ẹ̀, torí wọ́n máa ń tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gé tiyín náà. Èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíì ló máa rà á padà.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:

Ẹ má fi èyí dẹ́rù ba àwọn onímáíkírà o. Máíkírà tó ń ná Mọ́kọ́lá sí Ọ̀jọ́ọ̀ ò ní tọ́bò, ọ́ìlì lásán tó dáa tó o tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹ̀ lásìkò. Wọ́n tún máa ń bi mí bóyá sìntẹ́tíìkì àti lásán á dì tí wọ́n bá pàdé. Wọn kì í dì. Tó bá tán yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ẹ bu èyí tẹ́ ẹ bá rí sí i kẹ́ ẹ fi délé. Àmọ́ kìlómítà 15,000 tí òyìnbó ń kọ síwèé, èmi ò bá wọn dé bẹ̀ lórí olótọ́bò. Pẹ̀lú eruku wa àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, 7,000 ni mo fi ń tú u.

Ará Àpáta:

Ẹ fi èyí kún un: orúkọ sìntẹ́tíìkì yẹn nìkan ò tó. Ní 1999, àwọn ilé iṣẹ́ ọ́ìlì Mobil àti Castrol gbé ara wọn lọ síwájú àwọn tó ń yanjú aáwọ̀ ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, Castrol jàre, látìgbà náà ni èyí tí wọ́n sẹ́ látinú epo rọ̀bì tí wọ́n sì tún yọ́ mọ́ dáadáa, tó ń jẹ́ Group III, ti lè máa jẹ́ sìntẹ́tíìkì. Irú ẹ̀ ni mo lò nínú Subaru WRX mi fún ọdún mẹ́rin, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan, torí ó bá ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu.

Ará Bódìjà:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Àǹtí, mo ti gé kẹ́ẹ̀gì tèmi láàárọ̀ yìí.

Mo gbé páìpù yẹn lọ fún Bàbá ní Challenge lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò lọ bá wọn jà. Wọ́n gbà á, wọ́n gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò lọ èédú náà, wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní, "Kọ nọ́ḿbà yẹn fún mi." Mo kọ VW 502 00 sórí téèpù funfun, àwọn fúnra wọn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n tún fa téèpù míì já, wọ́n ní kí n bá àwọn wo èyí tó wà nínú ìwé Passat tó wà lórí jáàkì.