Ta ló rántí Rhinos ti Rochester? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Bàbá Bùsọ́lá:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnìkan bi mí níbi ìsọmọlórúkọ pé kí ló dé tí mo ṣì ń dé fìlà tó ní àwòrán àgbáǹréré, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ni àwòrán náà, Rhinos ti Rochester, kò sí mọ́. Mo ní kí n kúkú wá sọ ọ́ síbí, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Rochester rí lè bá mi fi tiyín kún un.

Ọdún 1996 ni mo ti Ìbàdàn dé ìlú yẹn. Ìpínlẹ̀ New York ni, àmọ́ ó jìnnà gan-an sí New York tí gbogbo ayé mọ̀. Etí adágún omi Ontario ló wà, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Ìlú Kodak, iléeṣẹ́ fíìmù kámẹ́rà, ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ní 1982, ó lé ní 60,000 èèyàn tí iléeṣẹ́ yẹn gbà síṣẹ́ ní Rochester nìkan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa dé, iṣẹ́ ti ń tán níbẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni èmi rí, ní ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù. N kò mọ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Nàìjíríà na Ajẹntínà 3-2, wọ́n gba góòlù Òlíńpíìkì. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá tí mò ń pariwo, títí ará ilé kejì fi wá kanlẹ̀kùn. Òyìnbó àgbà kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti ń tọrọ àforíjì kó tó la ẹnu. Ó ní rárá o, pé bí mo bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó báyìí, ẹgbẹ́ tuntun kan wà nínú ìlú, òun á mú mi lọ wò wọ́n.

Bí mo ṣe dé Frontier Field nìyẹn. Pápá béésìbọ́ọ̀lù ni, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí i, nítòsí ilé gíga Kodak. Wọn ò kọ́ ìjókòó ibẹ̀ fún bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Níbi tí a jókòó sí, mo ní láti yí ọrùn kí n tó rí ilé gólì apá kejì, ọrùn ọ̀hún sì dùn mí dalẹ́. Òyìnbó ra sọ́séèjì funfun fún mi, èyí tí wọ́n ń pè ní white hot, oúnjẹ ìlú wọn nìyẹn. Mo ti rò pé mi ò ní bá ju igba èèyàn lọ. Èrò ni mo bá! Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1990 yẹn, iye tó ń wá wò wọ́n níléé lójúmọ́ ìdíje ti ń lé ní 10,000, bẹ́ẹ̀ A-League ni wọ́n wà, ìpele kejì.

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti dé àṣekágbá U.S. Open Cup, D.C. United sì nà wọ́n 3-0. Láti 1914 ni wọ́n ti ń gba ife ẹ̀yẹ yẹn fúnra wọn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ńlá àti ẹgbẹ́ kékeré ti máa ń pàdé.

Ọ̀rọ̀ wá di 1999. Pat Ercoli ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Wọ́n na Chicago Fire 1-0. Wọ́n na Dallas Burn 2-1. Wọ́n na Columbus Crew 3-2. Inú MLS, líìgì àgbà, ni gbogbo wọn ti wá o! Ó wá ku Colorado Rapids, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin láti MLS, ní pápá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́dún yẹn ní Columbus, Ohio. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí mo sọ fún òyìnbó mi pé lédè Yorùbá ìtumọ̀ orúkọ ọjọ́ yẹn ni pé èèyàn borí ọ̀tá, ó dìde lórí àga. Ó ní, “A gbọ́dọ̀ lọ.” Mo bẹ ọmọ Jàmáíkà kan níbi iṣẹ́ kó bá mi di ipò mi mú. Ó lé ní wákàtí mẹ́fà tí a fi wakọ̀, Buffalo, Erie, Cleveland, a ò sùn.

Àwa tó wà ní pápá kò tó 5,000. Ìdajì àkọ́kọ́ parí, kò sẹ́ni tó gbá a wọlé. Ní ìdajì kejì ni Doug Miller gbá ọ̀kan sáwọ̀n. Ẹ̀yin ará, àgbà òyìnbó gbé mi! Èmi tí mo sanra jù ú lọ. A wá ń wo aago. Rapids ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, ọwọ́ mi wà lórí. Nígbà tí eré ti fẹ́ parí pátápátá ni Yari Allnutt fi ẹlẹ́ẹ̀kejì kún un. 2-0. Láti ìgbà tí MLS ti bẹ̀rẹ̀ ní 1996, kò tíì sí ẹgbẹ́ mìíràn láti ìsàlẹ̀ tó gba ife yẹn.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé lẹ́yìn gbogbo èyí, ipò tí wọ́n wà náà ni wọ́n wà. Ní Ìbàdàn, 3SC wa ti já sí ìpele ìsàlẹ̀ rí ní 2017, a sunkún, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gòkè padà ní 2021. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gòkè. Ní Amẹ́ríkà, owó ni wọ́n fi ń wọ líìgì àgbà. O lè gba ife líìgì tìrẹ ní 1998, 2000 àti 2001 bíi ti Rhinos, kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Ìyá Ìbejì:

Bàbá Bùsọ́lá, ẹ kú ìrántí. Èmi ò mọ̀ nípa 1999, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Oak Street ni mo ń gbé nígbà tí wọ́n ṣí PAETEC Park, pápá tuntun àwọn Rhinos, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, 2006. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ìjókòó tó lé ní 13,000, wọ́n ní torí kí MLS lè rí wọn gbà ni. Àdúgbò tálákà ni tiwa. Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn aládùúgbò á ní kí àwọn tó ń bọ̀ wá gbé mọ́tò sínú àgbàlá wọn, wọ́n á gba dọ́là díẹ̀. Èmi náà gbà. Owó bàtà ìbejì ni mo fi ṣe.

Kò pé ọdún méjì tí gbèsè fi gba pápá yẹn lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ọ. MLS ò wá. Mo ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó lé ní mẹ́ta. Àwa ládùúgbò, pápá la kàn ń pè é.

Dàpọ̀:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Rochester ní 2015. Bob Lilley ló ń kọ́ wọn nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n pàdánù kí àwọn ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n na LA Galaxy II 2-1 lẹ́yìn àfikún àkókò, nílé, wọ́n gba ife USL, líìgì tí wọ́n wà nígbà yẹn. Mo wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjókòó ló ṣófo, ó sì dùn mí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ìparí oṣù Kọkànlá 2017, wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi ná.

Ní 2021 la gbọ́ pé Jamie Vardy, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Leicester nígbà náà, ra nínú ẹgbẹ́ náà. Inú mi dùn débi pé mo pe bàbá mi ní Ṣàgámù. Wọ́n padà ní 2022, orúkọ ti di Rochester New York FC, wọ́n wọ MLS Next Pro, líìgì àwọn ẹgbẹ́ kejì MLS, àwọn nìkan ni kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ MLS kankan níbẹ̀. Ọdún kan péré. Ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n kógbá wọlé pátápátá. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí ìròyìn náà lórí fóònù, mo ré ibi tí mo fẹ́ sọ̀ kọjá.

Bàbá Bùsọ́lá, ẹ ò tíì sọ ti fìlà fún wa.

Bàbá Bùsọ́lá:

Ọmọ mi, o ṣeun. Fìlà òyìnbó náà ni. Òun ló dé e ní Columbus. Nígbà tó ṣaláìsí, ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀rá dì í wá sílé wa, ó ní ọkọ òun ti sọ ẹni tó máa gbà á. Mo wo inú rẹ̀. Ó ti fi bírò kọ nǹkan sí etí aṣọ tó máa ń kan iwájú orí, léta rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀: *Iṣegun*. Kò fi àmì sí i. Mi ò fọ̀ ọ́ rí.