Alángbá ọmọ mi: ṣé gílóòbù ni àbí oòrùn Ìlọrin?

Ìyá Mubarak, Táńkẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àbúrò ọkọ mi ń kó lọ sí Àbújá, ó wá fa alángbá rẹ̀ lé ọmọ mi lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bearded dragon. Kò tíì dàgbà, kò tíì gùn tó rúlà ọmọ iléèwé. Inú àpótí gíláàsì ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, oòrùn àárọ̀ sì máa ń ràn wọlé bá a níbẹ̀.

Àríyànjiyàn ti wá dé. Ẹni tó fún wa ní a gbọ́dọ̀ máa tan gílóòbù méjì fún un lójúmọ́, ọ̀kan fún ooru, ọ̀kan fún ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní UVB. Bàbá Mubarak ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé nínú ooru oṣù Kẹta yìí, ta ló ń tan iná fún alángbá ara ògiri? Ti oúnjẹ náà kò yé mi: ẹnì kan ní ìrẹ̀, ẹnì kejì ní ẹ̀fọ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n tó bá fẹ́ rìn. Ọmọ mi fẹ́ràn ẹran yìí débi pé òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ wò tó bá jí. Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa ṣe?

Bọ̀dá Kàmọ́rù, Gáà Àkáńbí

Ìyá Mubarak, ẹ gbọ́ ti ọkọ yín. Ẹni tó bá tan gílóòbù ooru lé ẹran inú gíláàsì lórí lásìkò yìí, sísè ló ń sè é. Iná tí a kì í rí tàn fún ara wa!

Ìyá Sherifat, Ọ̀ffà

Bọ̀dá, mi ò fara mọ́ ọn tán. Ooru lọ́tọ̀, ìtànṣán lọ́tọ̀. Ti ooru, òótọ́ lẹ sọ pé yàrá wa gbóná. Ṣùgbọ́n ẹran yìí kì í mú ooru jáde lára ara rẹ̀ bíi tiwa, ibi tó bá dúró sí ló ti ń gbà á. Ó nílò ibi ìyáàrùn tó gbóná tó 38 sí 42 °C kí oúnjẹ tó lè dà nínú rẹ̀, ó sì nílò ìkángun kejì tó tutù sí 25 sí 28 °C tó máa sá sí. Yàrá tó gbóná bákan náà yíká kò fún un ní ìkankan nínú méjèèjì.

Alángbá ara ògiri tí Bàbá Mubarak ń wí, ẹ wò ó dáadáa. Láàárọ̀ á gun orí búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ń pa, tí oòrùn bá mú jù á kó sí abẹ́ òrùlé. Òun ló ń yan ibi tó fẹ́. Èyí tó wà nínú àpótí, àwa la ń yàn fún un, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká fi ọkàn sí i. Ẹ ra tẹmomítà méjì, ọ̀kan fún ìkángun kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Dókítà ẹran kan, Fátè

Ìka tó ń gbọ̀n yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú. Gíláàsì fèrèsé máa ń dá UVB dúró, ti àpótí náà sì tún wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ooru á wọlé, ṣùgbọ́n ìtànṣán tí awọ rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D3 kò ní wọlé. Láìsí D3, káṣíọ̀mù inú oúnjẹ kò ní wọ ara dáadáa, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú egungun. Gbígbọ̀n lèèyàn sábà máa ń kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á rọ̀, ẹsẹ̀ á wọ́, egungun á máa dá wẹ́rẹ́.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìlọrin láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má ra oògùn fún un fúnra yín.

Oòrùn ìta gan-an ló dára jù fún UVB, kò sì wọ́n wa níbí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ ò gbọdọ̀ gbé àpótí gíláàsì yẹn síta sínú oòrùn! Ooru á há sínú rẹ̀, ẹran náà á kú kí ẹ tó padà dé. Àgò oníwáyà ni kí ẹ lò, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ fi nǹkan bo ìdajì rẹ̀ kó lè rí ibòji. Kí ẹnì kan jókòó tì í nítorí àṣá, ológbò àti ìjàlọ.

Àlfà, Òmù-Àrán

Lórí oúnjẹ, àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kòkòrò ló máa pọ̀ jù, ẹ̀fọ́ díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Tó bá dàgbà, ẹ̀fọ́ á gba iwájú. Ìrẹ̀ dára, tata inú koríko náà dára, bí kò bá ti sí oògùn kòkòrò níbi tí ẹ ti mú un. Aáyán ilé, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ò mọ ohun tí aládùúgbò fín. Kòkòrò tó bá fẹ̀ ju àlàfo tó wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ ti tóbi jù fún un. Ẹ kọ́kọ́ fi elégédé àti ewé bọ́ ìrẹ̀ náà mọ́jú, kí ẹ wá wọ́n ìyẹ̀fun káṣíọ̀mù sí i lára.

Tata aláwọ̀ mèremère tó máa ń ṣù jọ sórí ẹ̀gẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má fún un. Ó máa ń jẹ ewé Akíntọ́lá, ó sì máa ń kó oró rẹ̀ pa mọ́ sára.

Ewé móríńgà dára púpọ̀, elégédé náà dára. Tẹ̀tẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń di káṣíọ̀mù mú. Píà kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ rárá, ó lè pa á.

Ìyá Mubarak, Táńkẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lóore. A ti ṣètò láti lọ lọ́la. Tí òjò bá wá dé ń kọ́? Ní oṣù Kẹjọ oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ. Àti lálẹ́, ṣé a ó máa tan iná?

Ìyá Sherifat, Ọ̀ffà

Ibi tí mo ti gbè sẹ́yìn àbúrò ọkọ yín nìyẹn. Lásìkò òjò, gílóòbù UVB kì í ṣe fàájì. Ẹ ra èyí tó gùn bíi ti fúlọrẹ́sẹ́ǹtì, ẹ gbé e sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 sí ibi tó ti ń yáàrùn, kí gíláàsì má wà láàárín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sí i lára, nítorí á ṣì máa mọ́lẹ̀ nígbà tí UVB inú rẹ̀ bá ti tán. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀, bí irú rẹ̀ bá ṣe rí. Gílóòbù ooru wúlò lásìkò òjò àti láàárọ̀ ọyẹ́. Lálẹ́, ẹ pa gbogbo rẹ̀, títí kan aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń tà. Ó fẹ́ òkùnkùn kó lè sùn, òru wa kò sì tutù jù fún un.

Bọ̀dá Kàmọ́rù, Gáà Àkáńbí

Ti gíláàsì yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ ṣeun Dókítà. Ìyá Mubarak, bí ẹ bá fẹ́ kan àgò, ẹ sọ fún káfíńtà kó má fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe é o. Èékánná rẹ̀ á há sínú rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì náà á sì dí lára ìtànṣán tí ẹ torí rẹ̀ gbé e síta. Wáyà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ ò lè gbà kọjá.