Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta fíúsì mítà tí a fi ń yẹ iná wò (multimeter) ní Àkúrẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníná. Mò ń tún inverter kan ṣe ní Alágbàká lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wáyà mítà mi ṣì wà nínú ihò 10A, èyí tí a fi ń wọn ampere, nígbà tí mo fi kan bátìrì. Ó dún “táì!”, ló bá parí. Ó ṣì ń ka volt, àmọ́ kò ka ampere mọ́.

Mo tú u. Fíúsì tó jó náà gùn tó mìlímítà 38, ó nípọn tó 10, ara rẹ̀ funfun bíi tánganran. 11A, 1000V ni wọ́n kọ sí i lára. Mo rìn láti Arákàlẹ̀ dé Ọjà Ọba, fíúsì onígíláàsì ti rédíò, 250V, ni gbogbo wọn ń nà sí mi. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n fi wáyà dè é. Èmi kọ́! Kí mítà wá bú gbàù mọ́ mi lọ́wọ́? Iye tí wọ́n pè é fún mi l'Ékòó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mítà mìíràn.

Mo rí ti sólà, 10A, 1000V DC, ìwọ̀n kan náà, kò sì wọ́n. Ṣé mo lè fi í rọ́pò rẹ̀ láìséwu? Bí kò bá ṣeé ṣe, ṣọ́ọ̀bù wo ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó ló ń ta ojúlówó rẹ̀ lẹ́yọ kan, èló sì ni?