Ẹ̀yin tó ń gbé ní àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà tí wọn kì í ṣe ìpínlẹ̀, ṣé ẹ ti dìbò ààrẹ rí?

Àkànní: Florida ni mo wà tẹ́lẹ̀, n kì í fi ìbò ààrẹ ṣeré. Mo wá kó lọ sí St. Thomas, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù yìí. Nígbà tí ìbò 2020 dé, mo múra dáadáa, mo lọ tò. Ìwé tí wọ́n nà sí mi, orúkọ aṣojú àti ti àwọn sẹ́nétọ̀ erékùṣù ló wà níbẹ̀. N ò rí ti ààrẹ. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ìyá Ẹniọlá: Ó yí ẹ̀yìn ìwé wò! 😂

Sójà Àgbà: Guam, erékùṣù Amẹ́ríkà mìíràn, ni iṣẹ́ ológun gbé èmi lọ láti Texas. Ìwé ìbò Texas bá mi débẹ̀. Àwọn ọmọ Guam tí a jọ wọ aṣọ ogun kan náà ńkọ́? Láti 1980 ni wọ́n ti ń tẹ̀ka fún ààrẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́ ti Amẹ́ríkà.

Dèjì: Irọ́ ni. Àbúrò mi kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Maryland ṣì ń fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sí i.

Àkànní: Ohun tó ń ta mí lára gan-an nìyẹn. Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, òfin 1986 fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó wà lókè òkun gba tiẹ̀ rò. St. Thomas kì í ṣe òkèèrè, kì í sì í ṣe ìpínlẹ̀.

Sójà Àgbà: Awòràwọ̀ tó ń yípo ayé nínú ọkọ̀ òfurufú lókè lọ́hùn-ún pàápàá ń dìbò! Texas ti ṣòfin rẹ̀ láti 1997.

Dèjì: Ẹ̀yin tí ẹ kì í san owó-orí fún ìjọba àpapọ̀, kí lẹ tún ń bínú sí?

Bísí San Juan: Ta ni kì í san? Wọ́n ń yọ ti Social Security (owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (ìtọ́jú ìlera àgbàlagbà) lára owó oṣù mi. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ohio, tí kò san kọ́bọ̀, ṣé wọ́n ń lé e níbi ìbò? Láti 1917 ni àwa ará erékùṣù Puerto Rico ti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. A ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú yan olùdíje ààrẹ; tó bá kan ìbò gan-an, a di òǹwòran.

Dèjì: Mo ti gbọ́ mà. Ẹ rọra.

Tinú: Ará Martinique, erékùṣù tó wà lábẹ́ Faransé, lọkọ mi. Wọ́n ń dìbò ààrẹ Faransé ní Sátidé, kí Páríìsì tó dìbò lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Ẹniọlá: Tinú, o ti lọ́kọ?!

Tinú: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ ìbò la ń sọ.

Àkànní: Ǹ bá padà sí Florida. Ìyàwó mi ní òun ò kúrò létí òkun yìí.