Gàárì ti já wálẹ̀, gbèsè ò já: kí la máa sọ fáwọn olóṣèlú tó ń bọ̀ wá bá wa?

Ìyá Olóko, ẹ̀bá Ìṣarà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn látọjọ́ ọjà tó kọjá.

Ẹ̀bá Ìṣarà lọ́hùn-ún lèmi àtọkọ mi ti ń dáko. Ẹ̀gẹ́ la gbìn, éékà mẹ́rin, méjì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ọkọ mi, méjì tó kù a gbà á lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, a ń san ìṣákọ́lẹ̀. Lọ́dún 2024 tí gàárì gbówó lórí, kóńgò kan mò ń tà á 1,300, àwọn oníbàárà mi láti Èkó tún ń bẹ̀ mí pé kí n má tà á fún ẹlòmíì. Àwa náà bá rò pé Ọlọ́run ti rántí wa, la bá lọ yá 450,000 náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa, a fi ro ilẹ̀, a fi ra igi ẹ̀gẹ́, a fi sanwó alágbàṣe. Ẹ̀gẹ́ yẹn ta dáadáa nínú ilẹ̀, mi ò ní purọ́. Ìgbà tó gbó tán ni ọjà bá já. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá 500 ni wọ́n dá kóńgò, ẹni tó dá a gan-an tún ní kí n fi ènì sí i.

Mo ti jókòó ti agbada láti ìdájí lọ́jọ́ tá a yan gàárì yẹn, ààbọ̀ igbá lọ́wọ́ mi, èéfín ń wọ̀ mí lójú, mo ń yí i mo sì ń ṣírò ẹ̀ lọ́kàn: owó àwọn tó bó o, owó ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́, owó igi ìdáná, owó àpò, owó ọ̀kadà tó gbé e jáde lóko, owó mọ́tò tó gbé e dọ́jà. Mo ṣírò ẹ̀ tán, mo tún un ṣe, bákan náà ló já sí. Tí n bá yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, kò kù ju ohun tí màá fi jẹun sùn lọ́jọ́ yẹn. Alájẹsẹ́kù ò sì fẹ́ gbọ́ pé gàárì já.

Wàyí o, àwọn olóṣèlú ń bọ̀ wá bá ìlú ṣèpàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìbò 2027 ti ń sún mọ́lé. Wọ́n ní kí ọkọ mi sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn agbẹ̀. Látìgbà yẹn ilé wa ò tòrò mọ́. Àbúrò ọkọ mi, tíṣà ni ní Ṣàgámù, ní ká lọ dúpẹ́, oúnjẹ ti wọ́n jù tẹ́lẹ̀, ìjọba gbìyànjú. Ọkọ mi ní tóun bá gba makirofóònù lọ́wọ́ wọn, èébú lòun máa fi bẹ̀rẹ̀. Èmi wá ń bi í pé tá a bá bú wọn tán ńkọ́, ṣé alájẹsẹ́kù máa gba èébú?

Kí la máa sọ fún wọn tó máa wúlò? Èkejì, ọmọ onílẹ̀ ní àwọn oní-ẹ́sítéètì fẹ́ ra éékà méjì yẹn, pé ká wú ẹ̀gẹ́ wa kúrò láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣé ká wú u tà lówó yẹpẹrẹ yìí ni àbí kí la fẹ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀kadà ni mò ń gùn, ọmọ márùn-ún ni mo ní. Lọ́dún 2024 tí ẹ ta kóńgò ní 1,300 yẹn, gàárì tá a máa ń mu láìrò ó tẹ́lẹ̀ dohun tí à ń wọ̀n fọ́mọ. Ìyàwó mi máa ń bu tiẹ̀ kù káwọn ọmọ lè yó. Tó bá wá wálẹ̀ báyìí mi ò lè sọ pé inú mi ò dùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ ni pé tó bá lọ dúró síwájú èrò pé kí wọ́n jẹ́ kí gàárì wọ́n padà, àwa ará ìlú la máa kọ́kọ́ pariwo lé e lórí kí olóṣèlú tó fèsì rárá.

Agbẹ̀ Ọ̀dọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

@Bàbá Ìbejì òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ta ló ń san owó gàárì pọ́ọ́kú tí ẹ̀ ń mu yẹn, agbẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó ti wá. Lóṣù keje ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ kéde pé fún àádọ́jọ ọjọ́ kí wọ́n máa kó àgbàdo, ìrẹsì aláwọ̀ igi, àlìkámà àti ẹ̀wà wọlé láìsanwó ibodè. Àwa tá a wà lóko là ń ra ajílẹ̀ olówó gọbọi, à ń ra oògùn ìpakoríko tí dọ́là ń gbé sókè látìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ẹ̀ fúnra ẹ̀ ní 2023, epo bẹntiróò tí ò tó 200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún ọdún yẹn wá kọjá 480 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sì dúró níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ la fi gbin nǹkan, ìgbà tá a máa wá kórè ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún tòkè òkun. Àgbàdo tèmi wà nílé, àwọn olóúnjẹ adìyẹ ò dá mi lóhùn mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín bú wọn jàre.

Ìyá Alágàárì, Òkè-Àjé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi @Agbẹ̀ Ọ̀dọ́, mo gbọ́ tìẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ò sí nínú ohun tí wọ́n ní kí wọ́n kó wọlé. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ta gàárì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ìgbà tí gàárì gbówó lórí, gbogbo èèyàn ló padà sóko. Àwọn tíṣà, àwọn awakọ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, kálukú ń wá igi ẹ̀gẹ́ bí Odóńgbó àti Ọkọ Ìyàwó kiri. Gbogbo ẹ̀ wá gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrẹsì àti àgbàdo tó wálẹ̀ dá kún un lóòótọ́, torí ẹni tó bá rí ìrẹsì rà ò ní mu gàárì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ṣùgbọ́n àpọ̀jù ló kọ́kọ́ gbá wa.

Ohun kan tún wà táwọn ará oko ò mọ̀. Wọ́n máa ń rò pé àwa tá a wà lọ́jà là ń jẹ èrè wọn. Tí mo bá gbé àpò gàárì láti oko wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn tó máa na igi sójú ọ̀nà pé kí n sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ju mẹ́ta lọ, kálukú pẹ̀lú ìwé tiẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, mọ́tò ò ní wọ oko, ọ̀kadà ló máa gbé àpò kọ̀ọ̀kan jáde. Owó tí Ìyá Olóko ò rí àtèyí témi náà ò rí, ojú ọ̀nà ló wà.

Agbẹ̀ Ọ̀dọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣé mà. Mo gbà pé ẹ̀gẹ́ ò sí níbẹ̀. Inú ló ń bí mi.

Oníkòkó, J4 nílẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìyá Olóko ẹ pẹ̀lẹ́. Àwa oníkòkó náà ò bọ́ nínú ẹ̀. Lóṣù Kejìlá 2024 tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, kálukú ń ra ọ̀kadà, ń kọ́lé. Nígbà tí 2025 fi máa parí ó ti wálẹ̀ kọjá ìdajì, oògùn tí à ń fín sí kòkó ò sì wálẹ̀ ní tiẹ̀. Ní Gánà, COCOBOD, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kòkó, ló ń kéde iye tí wọ́n máa ra kòkó lọ́wọ́ agbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Tiwa nílẹ̀ yìí, ọdún 1986 ni wọ́n ti fòpin sí ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó, látìgbà náà ọwọ́ alágbàtà la wà. Mi ò ní tan yín o, ìgbìmọ̀ yẹn náà rẹ́ agbẹ̀ jẹ, owó tí wọ́n ń gé lára kòkó àwọn bàbá wa wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955, òun náà ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n agbẹ̀ ìgbà yẹn mọ iye tóun máa gbà kó tó fọ́ kòkó. Ohun témi fẹ́ kí ọkọ yín bi wọ́n nìyẹn: ta ló máa rà á, èló ló sì máa rà á, ká mọ̀ kó tó di pé a gbìn ín.

Àgbà Ìlú, Òde-Rẹ́mọ

Ọmọ mi obìnrin, o kú làálàá. Mo ti dàgbà tó láti rántí Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà táwọn agbẹ̀ bá ìjọba jà lórí owó orí, 1968 sí 1969. Kòkó ò lówó lórí mọ́ nígbà yẹn náà, ìjọba sì ń gba owó orí lọ bí ẹni pé nǹkan ò yí padà. Àwọn agbẹ̀ ò kàn bínú lásán. Wọ́n ní òkè mẹ́fà làwọn máa san, ìyẹn sílè ọgbọ̀n, wọ́n tún ní kí wọ́n tún ọ̀nà abúlé ṣe, kí wọ́n kó àwọn agbowó orí tó ń yọ wọ́n lẹ́nu kúrò. Ọmọdé tó ń gbé omi kọjá lè sọ ohun tí wọ́n ń bèèrè fún ẹ. Ẹ̀jẹ̀ ṣòfò, mi ò gbàdúrà kí irú ẹ̀ wáyé mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa níbí, lọ bá Táfà Adéoyè tó jẹ́ olórí wọn àtàwọn èèyàn ẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń bi ara ẹ̀ pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n sì já owó orí wá sí pọ́n-ùn méjì.

Sọ fún ọkọ ẹ kó má bú ẹnikẹ́ni. Tó bá bú wọn, ọ̀rọ̀ èébú ni wọ́n máa gbé délé, wọ́n á gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Kó má sì dúpẹ́ ohun tí wọn ò ṣe fún un.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú

Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn o. Ìyá Olóko, mo fẹ́ fi kan kún un. Ẹni tó ń bọ̀ wá bá yín, tẹ́ ẹ bá bi í nípa dọ́là àti ibodè, á ní Àbújá ni, á sì lọ. Ohun tí wọ́n lè ṣe níbí ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ìwé òfin 1999, ní àfikún kẹrin, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ́wọ́ nínú ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọjà wà lábẹ́ wọn, àwọn ọ̀nà kéékèèké náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹ ní kí alága káńsù dìde níbẹ̀, kó sọ lójú gbogbo ìlú ọ̀nà oko tó máa ṣe, oṣù tó máa ṣe é, kó sì sọ ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti káńsù nínú gbogbo àwọn tó wà lójú ọ̀nà, káwọn tó kù kúrò.

Lórí ti ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi katakata lé yín. Ilẹ̀ jẹ́ tiwọn, ẹ̀gẹ́ tó wà lórí ẹ̀ jẹ́ tiyín, ẹ̀yin lẹ gbìn ín. Ṣé ẹ ní ìwé ìṣákọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ san gbẹ̀yìn? Ẹ wá a jáde. Ẹ kó àgbà méjì dání, ẹ lọ bá wọn jókòó, yálà kí wọ́n fún yín láyè títí ẹ máa fi wú u, àbí kẹ́ni tó fẹ́ ra ilẹ̀ san owó ẹ̀gẹ́ fún yín. Kí wọ́n kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí sílẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò oko yẹn lónìí, ẹ má jẹ́ ó dọ̀la.

Ìyá Olóko, ẹ̀bá Ìṣarà

Ẹ ṣé gan-an sà. Ìwé ìṣákọ́lẹ̀ wà, inú Bíbélì ọkọ mi ló ń kó wọn sí. Bàbá Ìbejì, mi ò bínú sí yín o. Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín tó ń bu tiẹ̀ kù dùn mí débi pé mo kà á sókè fún ọkọ mi, ó dákẹ́, kò sọ̀rọ̀ èébú mọ́ látìgbà náà. A ò fẹ́ kí gàárì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Iye tá a máa fi padà sóko lọ́dún tó ń bọ̀ là ń wá.

Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù

Ẹ ṣé mà. Tó bá jẹ́ ti ọ̀nà àti ti tíkẹ́ẹ̀tì ni, a máa tẹ̀ lé yín dé ìpàdé yẹn, torí àwa ọlọ́kadà náà ń san tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lójoojúmọ́.

Àǹtí Oníláfún, Ògèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n sọ ti ẹ̀gẹ́ inú ilẹ̀ yẹn o, torí òun ló kánjú. Ẹ má wú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti wú u, ọjọ́ méjì mẹ́ta ó ti ń dúdú nínú, alágbàtà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dúró wo ojú yín títí ẹ máa fi ní kó mú un lọ bẹ́ẹ̀. Ti ilẹ̀ ẹbí, ẹ fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀, kò ní sá lọ, kẹ́ ẹ ṣá má jẹ́ kó pẹ́ débi tó máa di igi. Ti ọmọ onílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wú, díẹ̀díẹ̀. Ìdajì ẹ fi ṣe láfún, oòrùn ò gbowó lọ́wọ́ yín bíi ti igi ìdáná. Ìdajì kẹ́ ẹ yan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó kan dáadáa bíi gàárì Ìjẹ̀bú gidi, kẹ́ ẹ yan án gbẹ, kẹ́ ẹ sì dì í sínú àpò tó ní ọ̀rá nínú, kó lè dúró dìgbà tí ọjà máa gbé orí sókè. Igi ẹ̀gẹ́ yẹn náà owó ni, ẹ má dáná sun ún.

Ẹ lọ bá alájẹsẹ́kù kí wọ́n tó wá bá yín. Ẹ kọ ìṣirò tẹ́ ẹ ṣe lọ́kàn yẹn sínú ìwé, ẹ mú un dání, ẹ ní kí wọ́n tún owó oṣooṣù pín. Èmi ṣe é lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ́kọ́ bojú jẹ́, wọ́n padà gbà.

Ìyá Olóko, ẹ̀bá Ìṣarà

Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Ọkọ mi ti mú ìwé ọmọ wa kan, ó ti kọ ohun mẹ́ta sẹ́yìn ẹ̀: ọ̀nà oko, tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó máa ra ẹ̀gẹ́ àti iye tó máa rà á. Ó ní òun ò ní sọ ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn lọ. Ọjọ́ Àìkú la máa lọ bá ọmọ onílẹ̀, bàbá ọkọ mi máa tẹ̀ lé wa. Ohun tó kù tó ń dà mí láàmú ni mọ́tò. Àpò méje wà nílẹ̀ báyìí, owó tí wọ́n pè mí láti gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò lè san án.

Ìyá Alágàárì, Òkè-Àjé, Ìjẹ̀bú-Òde

Má san án. Mọ́tò wa máa ń kọjá Òde-Rẹ́mọ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Gbé e dé títì lọ́wọ́ ọ̀sán, kọ orúkọ ẹ sára àpò kọ̀ọ̀kan, kó o sì bá mi yọ kóńgò kan sọ́tọ̀ kí n tọ́ ọ wò kí n tó dá a.