Road King mi: ibo ni kí n so pẹ́ẹ̀gì ìsinmi ẹsẹ̀ mọ́ tí kò fi ní máa yí?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Texas:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Houston ni mo ń gbé, máṣíìnì Harley-Davidson tí wọ́n ń pè ní Road King, ti ọdún 2018, ni mo ń gùn. Tí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dáa, mo máa ń gba I-10 lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní San Antonio. Ìyẹn á tó nǹkan bí igba máìlì ní àlọ nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé ó tọ́ gbọnrangandan, kò sí òkè, kò sí kọ́nà, ẹsẹ̀ á kàn wà lójú kan náà lórí pátákó ẹsẹ̀. Kí n tó dé Columbus, orúnkún ọ̀tún á ti máa ro mí. Tí mo bá fi máa dé Luling, ó ti di pé kí n máa na ẹsẹ̀ sínú atẹ́gùn kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn, èyí kò sì dáa rárá lórí eré àádọ́rin máìlì. Mo ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì méjì.

Mo ti ra pẹ́ẹ̀gì méjì pẹ̀lú kíláǹpù wọn. Gáàdì iwájú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn irin tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, ni mo fẹ́ so wọ́n mọ́. Ibo gan-an lára gáàdì ni kó wà? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi rọ́bà wé gáàdì kí kíláǹpù má bàa ha kọ́rọ́ọ̀mù, ẹlòmíì ní kí n má dán an wò. Loctite ńkọ́, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú fúnra rẹ̀, pupa ni àbí búlúù? Ṣọ́ọ̀bù kan fẹ́ gba owó iṣẹ́ gọbọi, bẹ́ẹ̀ kíláǹpù méjì àti bóòtù mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. Ó wù mí kí n fọwọ́ ara mi ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.


Àgbà_Ọ̀nà_Jíjìn:

Àbúrò, ó dáa bí o ṣe béèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò le, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ ni ọ̀rọ̀ kàn, fara balẹ̀ ṣe é.

Kọ́kọ́ wọn gáàdì. Gáàdì tí Harley fúnra wọn ń fi sára àwọn máṣíìnì ọ̀nà jíjìn wọn, Road King, Street Glide, Electra Glide, fẹ̀ ní ínǹṣì kan àti ìdámẹ́rin, ìyẹn mílímítà 32. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni máṣíìnì ṣáájú rẹ ti pààrọ̀ gáàdì, má fọkàn tán ojú, wọ̀n ọ́n. Nígbà tí o bá so kíláǹpù alápá méjì mọ́ ọn, tí o sì ti fún bóòtù rẹ̀ tán, àlàfo tín-ín-rín gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù láàárín apá kìíní àti ìkejì. Bí apá méjèèjì bá ti pàdé, tí irin ń jẹ irin, kíláǹpù yẹn tóbi jù. Ara wọn ni wọ́n dì mú, wọn kò di gáàdì mú.

Ibi tó máa wà, ẹsẹ̀ rẹ ló máa sọ ọ́. Má wo àwòrán ara páálí. Wọ bàtà tí o fi ń gùn ún gan-an, kí ẹnì kan bá ọ di máṣíìnì mú kó dúró lóòró. Tó bá fara ti sítáńdì, ó ti dagun sí apá òsì, ìwọ̀n tí o máa mú kò ní bára mu. Ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ni o, kí èkejì wà nílẹ̀, torí máṣíìnì tó lé ní ẹgbẹ̀rin pọ́ùn kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá gbà lọ́wọ́ ìṣubú. Jókòó bí ẹni tó ti wà lórí rẹ̀ fún wákàtí méjì: kí ìdí kan ẹ̀yìn àga, kí èjìká rọ̀. Dijú, na ẹsẹ̀ síwájú, jẹ́ kó lọ síbi tó bá wù ú. Kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ fi téèpù sàmì síbẹ̀ lára gáàdì. Wo orúnkún rẹ: ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀. Bó bá nà tán porogodo, gbogbo gìrìgìrì títì ló máa gba egungun lọ sí ìbàdí àti ẹ̀yìn rẹ, wàá sì sọ̀kalẹ̀ ní San Antonio pẹ̀lú ìrora tó ju èyí tí o ń sá fún lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù nìyí: ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tó bá wà lórí pẹ́ẹ̀gì, kò sí lórí bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí pẹ́ẹ̀gì wà nísàlẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni orí bàtà máa ń gbà kọjá bó ṣe ń bọ̀ wá sórí bíréèkì. Bí bàtà bá kọ́ pẹ́ẹ̀gì, ó di pé kí o tún ẹsẹ̀ gbé, mọ́tò iwájú rẹ kò sì ní dúró dè ọ́. Nígbà tí máṣíìnì ṣì dúró, gbé ẹsẹ̀ láti orí pẹ́ẹ̀gì padà sórí bíréèkì, tún un ṣe, tún un ṣe, títí ẹsẹ̀ á fi mọ ọ̀nà láìjẹ́ pé o wolẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún jíà lápá òsì náà. Bó bá kọ́ ohunkóhun, kódà díẹ̀, sún kíláǹpù sókè.

Lẹ́yìn náà, yí háńdù dé òpin lọ́tùn-ún lósì, kí o wo bí mọ́gáàdì iwájú ṣe jìnnà sí irin tuntun yìí. Rántí pé tí o bá tẹ bíréèkì, iwájú máa ń rì, àlàfo tí ò ń wò yẹn máa dín kù. Pẹ́ẹ̀gì náà gbọ́dọ̀ lè ká sókè, kó sì ká sẹ́yìn. Road King kì í pẹ́ fi pátákó ẹsẹ̀ họ ilẹ̀ ní kọ́nà, pẹ́ẹ̀gì tó yọ síta tó sì wálẹ̀ lè ṣáájú pátákó kanlẹ̀. Bó bá ká, ariwo lásán ni wàá gbọ́. Bó bá dúró gan-in, ó lè gbé táyà kúrò nílẹ̀, mi ò gbàdúrà kí o rí ìyẹn.

Lórí rọ́bà, èmi ò fi sí i. Oòrùn Texas máa ń mú rọ́bà rọ̀, bó sì ti ń rọ̀ ni kíláǹpù á máa sún. Kíláǹpù tó dúró gírígírí kì í ha kọ́rọ́ọ̀mù, èyí tó ń yí ló ń ha á. Fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, nù ún gbẹ, kí o wá fi ọtí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Irin sí irin, kí ọ̀rá má sí láàárín.

Loctite búlúù ni, 242 tàbí 243. Pupa le jù fún iṣẹ́ yìí, iná ni wọ́n fi ń tú u, ta ló fẹ́ gbé iná sún mọ́ kọ́rọ́ọ̀mù? Àmọ́ má tíì fi sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fún bóòtù bó ṣe yẹ láìsí Loctite, gùn ún lọ gùn ún bọ̀ ládùúgbò, ó dá mi lójú pé wàá fẹ́ sún un díẹ̀. Ọjọ́ tí ibẹ̀ bá tẹ́ ọ lọ́rùn ni kí o tú bóòtù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kán ẹ̀kán kan sí i, kí o dá a padà. Bóòtù kìíní díẹ̀, ìkejì díẹ̀, kí àlàfo lè dọ́gba. Iye tó wà nínú ìwé inú páálí ni kí o fi sípánà adíwọ̀n, èyí tó ń fi bí bóòtù ṣe le tó hàn, fún un dé, má fi agbára apá ṣe é, irin dídà máa ń sán. Jẹ́ kó sùn mọ́jú kí o tó gùn ún, ọjọ́ kan gbáko ni Loctite yẹn fi ń gbẹ tán.


Àyìnkẹ́_ATL:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa tí ẹsẹ̀ wa kò gùn kún un, nítorí ẹlòmíì máa ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́ta ni mo ga, Street Glide ni mo ń gùn ní Atlanta. Pẹ́ẹ̀gì tó tu ọmọ Ìjẹ̀bú lára máa fa èmi síwájú lórí àga ni. Ìdí á yọ kúrò lára ẹ̀yìn àga, ẹ̀yìn á tẹ̀, ọwọ́ á máa fa háńdù. Apá ìsopọ̀ kúkúrú ni mo fi sí tèmi, mo sì yí i kó kọjú sọ́dọ̀ mi dípò iwájú. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń gùn, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìwọ̀n ọkọ yín so ó fún yín.

Ohun kejì, bí máṣíìnì bá ní ike ìdáàbòbò ẹsẹ̀ lára gáàdì, bíi ti Electra Glide Ultra, ike yẹn ti gba ibi tó dáa jù. Ẹ wo ibi tó ṣẹ́ kù kí ẹ tó ra kíláǹpù.

Atẹ́gùn náà ò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá ti wà lókè, ó máa gba ẹnu ṣòkòtò wọlé, ní oṣù kejì ọdún lórí I-75 òtútù yẹn máa dé itan. Ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú bàtà. Tí mo bá sì ti ń sún mọ́ àárín ìlú Atlanta, níbi tí I-75 àti I-85 ti di ọ̀kan, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wálẹ̀ kí n tó rí iná bíréèkì ẹnikẹ́ni.


Ará_Ìbàdàn:

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Níbí, àwọn ọlọ́kadà ti ń gbé ẹsẹ̀ sórí gáàdì tipẹ́ láìra pẹ́ẹ̀gì kankan, pàápàá tí òjò bá sọ títì di odò. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gun pawa báìkì lọ sí Èkó kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Lórí ọ̀nà wa, ọkọ̀ lè wá kò ọ́ lójú ní ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, ihò lè yọ nísàlẹ̀ tírélà tó wà níwájú rẹ, màlúù lè ṣàdédé fẹ́ sọdá. Ẹsẹ̀ mi gbọ́dọ̀ wà níbi tí mo ti lè dìde díẹ̀ lórí máṣíìnì kí orúnkún gba ihò náà, èèyàn ò sì lè dìde lórí pẹ́ẹ̀gì tó wà níwájú. Ojú ọ̀nà tí ẹ lè rí iwájú rẹ̀ dé máìlì kan ni nǹkan yìí wúlò fún. Mo bá yín yọ̀ pé ẹ ní irú rẹ̀.


Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Texas:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà mi, àǹtí Àyìnkẹ́ náà, ẹ kú àkíyèsí. Mo ti so ó. Ìyàwó mi ló bá mi sàmì sí gáàdì, ọ̀rẹ́ mi ló di máṣíìnì mú. Ibi tí téèpù bọ́ sí ga ju bí mo ṣe rò lọ. Orúnkún mi ti mọ ìyàtọ̀, mo dé Luling láìna ẹsẹ̀ sínú atẹ́gùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣẹ́ kù. Ti òsì dúró bí òkúta. Ti ọ̀tún ń yí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí gìgísẹ̀ mi bá tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ iye tó wà nínú ìwé ni mo fi sípánà fún méjèèjì, mo sì fi ọtí nù ún bí ẹ ṣe sọ. Mi ò tíì fi Loctite sí i. Ṣé kí n fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ?


Àgbà_Ọ̀nà_Jíjìn:

Rárá, má fi kún un. Wo àlàfo ẹnu kíláǹpù ọ̀tún: ṣé ó dọ́gba lápá méjèèjì? Bí apá kan bá ti pàdé tí èkejì ṣì là, tú u palẹ̀, kí o fún un ní díẹ̀díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Bí ó bá dọ́gba, wáàsì ni mo fura sí, ìyẹn èyí tí a fi ń mú kọ́rọ́ọ̀mù dán. Ọtí nìkan kì í sábà mú un kúrò. Bọ́ kíláǹpù sílẹ̀, fi ìka gba inú rẹ̀. Tó bá ń yọ̀ bí ẹni fọwọ́ kan àbẹ́là, wáàsì ti wà nínú kíláǹpù pàápàá. Ra omi tí àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń nu ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún, wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà mọ́tò. Nu gáàdì, nu inú kíláǹpù, lo aṣọ tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dá a padà, gùn ún lọ sí Katy kí o sì padà wálé. Bó bá dúró, ìgbà yẹn ni kí o kán Loctite sí i. Fi bírò funfun fa ìlà kan láti ara kíláǹpù bọ́ sára gáàdì, kí o máa wo ìlà yẹn nígbàkúùgbà tí o bá dúró rọ epo. Tó bá ti yà, gbé ẹsẹ̀ padà sórí pátákó títí wàá fi délé.