Ṣé ẹ̀bi agbanisíṣẹ́ mi kàn mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń yá àwọn ènìyàn lówó lórí fóònù, èmi gan-an ni mo sì kọ apá tí ó ń kó nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù oníbàárà. Ní oṣù tí ó kọjá, ìbátan ìyá mi kan tí ó ń ta aṣọ ní Kétu sọ fún mi pé, nítorí gbèsè 15.000 sẹ́fà, ilé-iṣẹ́ wa ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ àti sí àwọn tí ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ pé olè ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀gá mi ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ti fi tọmọ jẹ́ èyí? Òfin 2018 ti orílẹ̀-èdè wa dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, APDP, àjọ tí ó ń mójú tó ààbò ìsọfúnni náà, sì ń gba ẹ̀sùn. Ní ọdún 2018 kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ Google fọwọ́ sí ìwé láti tako iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ wọn ń ṣe fún àwọn ológun Amẹ́ríkà, wọ́n pọ̀. Àwa mẹ́rin péré ni a wà níbí, mo sì ní ọmọ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ṣé kí n kọ́kọ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ ni, àbí kí n gba APDP lọ tààrà?